Kí Ni Orúkọ Ìyàwó Kàkó?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ìbéèrè kan kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bá a wọ balùwẹ̀, mo bá a jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó sì tún ń dúró dè mí níbi tí mo ti ń fa ìlà pupa sábẹ́ àṣìṣe àwọn ọmọ iléèwé. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ló bi mí, lẹ́yìn bíréèkì, nígbà tí oòrùn ti mú páànù òrùlé gbóná tí oorun sì ti ń kun ìdajì kíláàsì. Ó nawọ́, ó dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni orúkọ obìnrin yẹn?"

Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ là ń kà. Mi ò ní máa sọ ìtàn ìwé náà fún ẹni tó ń ka Yorùbá. Ẹni tí kò bá kà á fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti kà á. A ti dé ibi tí Àkàrà-ògùn ti ń kó àwọn akọni jọ fún ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó. Ó dé ọ̀dọ̀ Kàkó, oníkùmọ̀ ẹkùn, ó bá a lẹ́nu ìgbéyàwó. Kàkó gbọ́ ìpè, ó ní ó yá. Ìyàwó dì mọ́ ọn, ó ní kò níí lọ. Kàkó bínú, ó fa àdá yọ, ó ṣá a pa. Obìnrin náà kú pẹ̀lú orúkọ Kàkó lẹ́nu, àwọn ọkùnrin sì bá tiwọn lọ.

Ọmọkùnrin kan ló ń kà á sókè fún wa. Ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nípọn, ó sì ń lò ó bí ẹni tó ra bàtà tuntun. Nígbà tó dé ibi àdá, ó dìde dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó dìde, ó mú rúlà, ó fi ṣá afẹ́fẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì: "Kàkó! Ọkùnrin mẹ́ta!" Kí n má purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kíláàsì tó ń tòògbé ti jí. Olùkọ́ wo ni inú rẹ̀ kò ní dùn?

Ariwo yẹn kò tíì rọlẹ̀ tán tí ọmọbìnrin náà fi nawọ́. Mo wo ìwé. Mo ṣí ojú ewé kan síwájú, mo ṣí méjì sẹ́yìn. Mo ní, "Ìyàwó Kàkó ni."

Ó ní, "Rárá sà. Orúkọ tirẹ̀."

Agogo lù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ agogo.

## Ojú ewé tí mo máa ń fò

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá nílùú Oǹdó. Òkè-Igbó, níbi tí wọ́n ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903, wà lójú ọ̀nà Ifẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Bí o bá dé gáréèjì láàárọ̀, wàá gbọ́ tí àwọn awakọ̀ ń pè é. Nítorí náà ìwé ilé ni ìwé yìí jẹ́ fún wa. Igbó tó wà nínú rẹ̀, igbó wa ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oko kòkó ti jẹ èyí tó pọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí mo bá dé ojú ewé Kàkó, ṣe ni mo máa ń fò ó. Màá ní, "Kàkó náà gbà láti bá wọn lọ," màá sì bọ́ sórí akọni tó kàn. Lọ́dún yìí ọ̀fun ń dùn mí, mo ní kí àwọn ọmọ máa kà á fún ara wọn, mo jókòó, mo gbàgbé láti dá wọn dúró.

Mo ti rò ó títí, kí ló dé tí mo fi ń fò ó? Mo mọ ojú ewé náà ju bó ti yẹ lọ ni.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ kà á fún wa, èmi àti àwọn àbúrò mi, lálẹ́ tí NEPA bá mú iná lọ. Àtùpà wà láàárín, ìwé wà lórí itan rẹ̀, ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Bàbá mi mọ ìwé é kà. Ó máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ fún àwọn ẹbọra, ó máa ń wú ikọ́ díẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ arúgbó. Nígbà tó parí ti Kàkó, ó pa ìwé dé, ó fi ìka sáàárín rẹ̀, ó ní: "Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin tó bá ń gbọ́ ẹkún obìnrin kò lè dé ibi tó ń lọ." Mo wo ìyá mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo gba ọ̀rọ̀ náà bí ọmọdé ṣe ń gba owó ọdún, mo kì í bọ àpò.

Nígbà tí èmi náà di bàbá, ìyàwó mi bí àkọ́bí wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú mo ní láti lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Àkúrẹ́. Ara rẹ̀ ń gbóná, ìyá rẹ̀ kò sì tíì dé. Ó di etí bùbá mi mú. Kò sunkún, kò pariwo, ó kàn dì í mú ni. Ó ní, "Ẹ sun tòní nìkan, kẹ́ ẹ lọ láàárọ̀ ọ̀la." Mo bọ́ ìka rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń tú okùn lọ́rùn ewúrẹ́, mo gbé báàgì mi. Ìyá rẹ̀ dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ibà náà sì lọ, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì, orí mi wú. Mo rò pé ohun tí ọkùnrin ń ṣe ni mo ṣe yẹn.

Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ fún ní àròkọ yìí kà. Ó ní òun rántí. Ó ní bùbá aláwọ̀ ewé ni.

## Kàkó kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà sórí ojú ewé náà. Ọ̀gá kan tó jù mí lọ lẹ́nu iṣẹ́ bá mi sọ ọ́ ní yàrá olùkọ́: "Olùkọ́, ìdánwò ń bọ̀ o. Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, ẹ bá wọn sọ ọ́ ní gbangba, kí ló kan ẹbọra níbẹ̀?" Mo bọ̀wọ̀ fún un, mi ò sì bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti gbìyànjú gbangba yẹn rí. Bí mo bá wọ kíláàsì tí mo ní ká sọ̀rọ̀ lórí ipò ọkùnrin àti obìnrin nínú ilé, àwọn ọmọ ti mọ èsì tí mo fẹ́ gbọ́. Wọ́n á sọ ọ́ fún mi, a ó pàtẹ́wọ́, wọ́n á sì jáde lọ ra bọ́ńsì. Bí mo bá sì béèrè pé ta ló ń fọ abọ́ nílé yín, ta ló ń kọ́kọ́ gba ẹran, ọmọ tó bá dáhùn ní òtítọ́ ti tú àṣírí bàbá rẹ̀ nìyẹn. A ti kọ́ wọn láti kékeré pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ ilé níta.

Kàkó ní tirẹ̀ kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá wù ú lè bú u, ẹni tó bá wù ú lè gbèjà rẹ̀, ilé kankan kò ní gbóná. Ìgbà tí wọ́n bá sì ń gbèjà rẹ̀ ni wàá gbọ́ ohun tí o kò bi wọ́n. Ọmọkùnrin onírúlà ló kọ́kọ́ nawọ́. "Sà, kì í ṣe ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn ti ń yọ ọ́ lẹ́nu tipẹ́."

Mo ní kó fi ibẹ̀ hàn mí nínú ìwé. Ó ṣí ìwé, ó wá a. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a wá a. Wọ́n wá a dé orí tó ṣáájú. Kò sí níbẹ̀. Ó pa ìwé dé, ó wo ojú fèrèsé, mo sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ mìíràn kíákíá, torí mo mọ̀ pé àwa méjèèjì ti mọ ibi tó ti mú ọ̀rọ̀ yẹn wá. Èmi náà ní irú rẹ̀ lápò.

## "Ó" kò ní akọ, kò ní abo

Ìyẹn ló fún mi ní èrò kan. Èdè wa ní ohun kan tí ọ̀pọ̀ èdè kò ní: a lè sọ ìtàn ẹ̀dá kan láti òru di òwúrọ̀ kí ẹni tó ń gbọ́ má sì mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. "Ó" ni gbogbo wa. Mo bá jókòó lálẹ́, mo hun ìtàn kúkúrú kan, mo sì kà á fún wọn:

Ọdẹ kan wọ igbó lóru. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó pàdé ẹbọra olórí mẹ́ta kan tó ń sunkún lẹ́bàá odò. Ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó tì í, títí ilẹ̀ fi mọ́.

Mo ní kí wọ́n ya àwòrán ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn méjìdínlógójì ló wà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn, àtàwọn ọmọbìnrin, ya ọdẹ náà ní ọkùnrin. Àwọn kan tilẹ̀ fi irùngbọ̀n sí i. Ẹbọra náà ńkọ́? Àfi bíi mẹ́rin péré, obìnrin ni gbogbo wọn yà. Ẹnì kan we gèlè fún orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gèlè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ṣì ní àwòrán yẹn nínú dúrọ́ọ̀ mi, ó dára gan-an.

Mo ní, "Ta ló sọ fún yín pé obìnrin ni?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní, "Sà, ó ń sunkún."

"Ta ló sọ fún yín pé ọkùnrin ni ọdẹ?"

"Sà, ó gbé ìbọn."

Lẹ́yìn náà ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ní, "Sà, ṣùgbọ́n ó jókòó ti ẹni tó ń sunkún. Kò ní kó dákẹ́. Èmi ò rí ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ rí." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Akọ igi kì í soje, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún wa. Mo ti gbọ́ ọ lójú oórì, mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ki eegun tó yẹ̀ bọ ipò. Òwe yẹn lágbára, kò sì sí ẹni tó máa ń dúró béèrè pé igi wo ni. Ní ilẹ̀ tiwa yìí tí a ti ń kọ ara igi rọ́bà kí oje rẹ̀ lè dà sínú ife, a mọ ohun tí igi ń ṣe bí àdá bá kàn án. Àwọn ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú òwe tiwọn wá. Ẹnì kan pa ti ejò: bí ọkùnrin réjò tí obìnrin pa á, kéjò ṣáà ti kú. Ó ní èyí fi hàn pé àwọn àgbà kò ka iṣẹ́ ọkùnrin àti iṣẹ́ obìnrin sí. Mo fún un ní máàkì, àmọ́ mo kíyè sí i pé nínú òwe náà pàápàá, ọkùnrin ló ṣì kọ́kọ́ rí ejò.

## Ẹni tó ń pàlọ́

Ìyá bàbá mi kò mọ ìwé kà. Òun náà ní ìtàn ọdẹ àti igbó, ẹ̀yin náà sì mọ̀ ọ́n: ọdẹ kan rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ rẹ̀, tó di arẹwà obìnrin, tó gba ọjà lọ. Ọdẹ jí awọ náà, ó gbé e sórí àjà, ó fẹ́ obìnrin náà, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní sọ ibi tó ti wá fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n bímọ. Lọ́jọ́ kan ó mu ẹmu yó, ó sọ ọ́ fún ìyálé, ìyálé sì fi í kọrin pé kó máa jẹ, kó máa mu, awọ rẹ̀ ń bẹ lájà. Obìnrin náà gun àjà, ó rí awọ rẹ̀, ó rẹ ẹ́ sómi kó lè rọ̀, ó gbé e wọ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí màmá àgbà bá ń pa á, ibi tí awọ ti ń rọ̀ nínú omi ló máa ń pẹ́ sí. Ó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe é, bí ẹni ń fọ aṣọ òkè. Ti ọdẹ kò gba àkókò rẹ̀. Bí a bá bi í pé ọdẹ wá ńkọ́, á ní, "Ó ń bẹ níbẹ̀ tó ń mu ẹmu."

Igbó kan náà ni, ọdẹ kan náà, obìnrin tó fẹ́ di ohun kan mú sì ń bẹ nínú méjèèjì. Nínú èyí tí ọkùnrin kà fún wa lábẹ́ àtùpà, ìdí tí akọni fi gbọ́dọ̀ lọ ni gbogbo wa gbọ́. Nínú ti màmá àgbà, ìdí tí obìnrin fi gbọ́dọ̀ lọ ni. Èmi ọmọ kan náà ló gbọ́ méjèèjì, láàárín ọdún kan náà, ọ̀kan péré ni mo sì mú dání dàgbà. Ọ̀kan yẹn ni wọ́n tẹ̀ sínú ìwé, òun ni wọ́n fi ṣe ìdánwò. Fágúnwà fúnra rẹ̀, olùkọ́ ni; ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ní 1936 ló fi kọ ọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938, àwọn ọmọ iléèwé sì ti ń kà á láti ìgbà náà. Ta ló máa fi àlọ́ ìyá arúgbó ṣe ìdánwò?

## Ẹ̀rù tí a kò kà

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Ọ̀gá tó bá mi sọ̀rọ̀ ní yàrá olùkọ́ ní kí n má fi ojú òde òní dájọ́ ìwé àtijọ́, ó sì lóòótọ́ tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ìwé náà. Bí ẹnì kan bá ní ká ya ojú ewé Kàkó kúrò, èmi ni màá kọ́kọ́ bá a jà. Ohun tí mo rí nígbà tí mo padà kà á láìfò ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn méje ló lọ sí Òkè Láńgbòdó, bẹ́ẹ̀ ni Fágúnwà kò dá wọn bákan náà. Olóhùn-iyọ̀ arẹwà ni, orin àti ìlù ni agbára rẹ̀. Ìmọ̀dóye, ààjà ló gbé e lọ ní kékeré, ọdún méje ló lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó padà, ọgbọ́n ló sì mú bọ̀. Àràmàdà-Ọkùnrin, òtútù máa ń mú un nígbà ooru, ó sì máa ń làágùn nígbà òtútù. Bí o bá ní kí àwọn ọmọkùnrin mi yan ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́, Kàkó àti Elégbèdè-Ọdẹ ni wọ́n ń jà sí. Kò sẹ́ni tó yan Olóhùn-iyọ̀, àfi ọmọ kan tó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà sì ní eré lòun ń ṣe. Ọkùnrin méje ni bàbá náà tẹ́ síwájú wa, a ṣa méjì, a ní ọkùnrin nìyẹn.

Èyí tó wá mú mi lọ́wọ́ jù wà lójú ewé yẹn gan-an. Lẹ́yìn tí Kàkó ti ṣe ohun tó ṣe, Àkàrà-ògùn, tó ti wọ igbó náà rí, tó ti bá Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún jà, sọ pé ẹ̀rù ba òun. Ibẹ̀ ló wà látọjọ́ yìí. Bàbá mi kà á, ó dá mi lójú pé ó kà á, torí kì í fo ọ̀rọ̀. Àdá ni mo gbọ́. Ọmọkùnrin onírúlà náà kà á, ariwo tábìlì sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní kó tún un kà, kó fi jẹ́jẹ́ kà á. Ó kà á. Ó wò mí. Ó ní, "Sà, Àkàrà-ògùn? Ẹ̀rù Kàkó?" Mo ní kó tún un kà.

## Ìwé kíkọ

Mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí àwọn akọni sùn sínú igbó?

Ọmọkùnrin onírúlà kọ ojú ewé méjì, ẹni tí kì í kọ ju ìdajì lọ. Ó ní nígbà tí gbogbo wọn sùn, Kàkó dìde, ó lọ fọ àdá rẹ̀ lódò. Bó ṣe ń fọ̀ ọ́ ni odò ń pe orúkọ kan, ṣùgbọ́n omi ń pariwo, kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó fọ̀ ọ́ títí àkùkọ fi kọ. Nígbà tó padà, Olóhùn-iyọ̀ bi í pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ó ní èéfín ni.

Kò sí iná nínú ìtàn rẹ̀. Mo wá a. Kò dá iná níbì kankan.

Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè kò kọ ìtàn rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ní yunifásítì ní èyí tí Wọlé Ṣóyínká tú sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Ó ti yá a, ó ti wá orúkọ náà níbẹ̀, kò rí i. Ó wá kọ orúkọ sínú ìwé rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan: Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Morẹ́nikẹ́, Àjọkẹ́. Ó sì fi ìlà pa gbogbo wọn rẹ́. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Sà, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò mọ ilé rẹ̀."

Mi ò mọ iye máàkì tí mo fẹ́ fún un. Mo dá ìwé náà padà láìkọ nǹkan kan sí i, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ọmọkùnrin onírúlà ló bá mi kó àwọn ìwé tó kù lọ sí yàrá olùkọ́. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Sà, ṣé ẹ ti rí orúkọ náà?"

Mo ní mi ò tíì rí i.

Ó ní, "Ẹ wo ojú ewé tó tẹ̀ lé e, sà. Bóyá ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ Kàkó bí wọ́n ṣe ń lọ."

Mo wò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, lábẹ́ iná fóònù, torí iná ti lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè.